Eré Bàálù Ogun: Ohun Tí Òkè Gbà Láàyè Tí Ilẹ̀ Kò Gbà

Bí ènìyàn bá béèrè pé báwo ni bàálù ogun ṣe ń yára tó, ìbéèrè náà kò tíì pé. Ó ku apá kejì: ní gíga wo? Ọdún 1961 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi hàn gbangba pé ìdáhùn méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ní. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún náà, Hunt Hardisty àti Earl De Esch gbé bàálù F4H-1 Phantom wọ aṣálẹ̀ ìpínlẹ̀ New Mexico. Wọ́n rẹlẹ̀ débi pé wọn kò fi ju nǹkan bíi mítà 38 lọ ga sí ilẹ̀, wọ́n sì sá eré 1,452 kìlómítà ní wákàtí kan. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá, Robert Robinson gbé oríṣi bàálù kan náà lọ sókè réré, ó sì sá 2,585 kìlómítà. Phantom ni tibí, Phantom ni tọ̀hún, síbẹ̀ òkè fi ohun tó lé ní 1,100 kìlómítà ju ilẹ̀ lọ. (Gbogbo eré tí a bá dárúkọ láti ibí lọ, ti wákàtí kan ni.)

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí Phantom. F-15 Eagle ilẹ̀ Amẹ́ríkà lè sún mọ́ Mach 2.5 lókè, nísàlẹ̀, Mach 1.2 ni. F-16 ń sá Mach 2 lókè; nísàlẹ̀, Mach 1.2 náà ni. Rafale ti ilẹ̀ Faransé ń sá Mach 1.8 lókè, Mach 1.1 nísàlẹ̀. Ẹ wo àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí dáadáa. Àwọn ti òkè jìnnà síra wọn gan-an, àwọn ti ìsàlẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lókè ni ọgbọ́n àwọn tó kan bàálù ti ń hàn, ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀gá. Nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá, ó sì ń fi gbogbo wọn sí ipò kan náà. Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ tú wò ni bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀, àti ohun tó sọ nípa bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ń yan bàálù tí wọn yóò fi jagun.

Mach àti eré ìró

Orúkọ Ernst Mach, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Austria, ni wọ́n fi sọ òṣùwọ̀n eré bàálù ogun. Mach 1 ni eré tí ìró fúnra rẹ̀ ń sá nínú afẹ́fẹ́; Mach 2 jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Ṣùgbọ́n eré ìró kì í dúró lójú kan. Bí afẹ́fẹ́ bá móoru, ìró a yára. Bí ó bá tutù, a falẹ̀. Ní ìpele òkun, nígbà tí ooru bá jẹ́ 15°C, ìró ń sá 1,225 kìlómítà. Ní gíga mítà 11,000, níbi tí òtútù ti wọ −56.5°C, 1,062 kìlómítà péré ni. Nítorí náà, bàálù tó ń sá Mach 1.2 lẹ́bàá ilẹ̀ ń lọ ní 1,470 kìlómítà, nígbà tí èyí tó ń sá Mach 1.2 ní mítà 11,000 kò ju 1,274 lọ.

Ẹni tí kò bá mọ èyí lè ṣi ìtàn kà. Nígbà tí Chuck Yeager kọ́kọ́ la eré ìró kọjá nínú bàálù Bell X-1 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1947, nǹkan bíi 1,127 kìlómítà ni ó ń sá. Ká ní etí òkun ni ó ti sá irú eré bẹ́ẹ̀, kò bá má tíì bá ìró. Mítà 13,000 ni ó wà, níbi tí òtútù ti fa ìró sẹ́yìn, ibẹ̀ ni ó ti kọjá rẹ̀.

Àwọn tó ń du ipò kìn-ín-ní lágbàáyé mọ̀ nípa ooru yìí dáadáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, òfin ìdíje béèrè pé kí bàálù fò lẹ́bàá ilẹ̀ lórí ojú ọ̀nà kìlómítà mẹ́ta, kí àwọn tó ń wọn àkókò lè rí i. Bàálù ìgbà náà kì í fẹ́ kan eré ìró, torí bí wọ́n bá ti sún mọ́ ọn ni afẹ́fẹ́ máa ń takò wọ́n gidigidi. Kí wá ni wọ́n ṣe? Wọ́n wá ibi tí ooru ti mú, níbi tí ìró ti ń yára, kí ààlà náà lè sún síwájú. Ìdí nìyí tí Mike Lithgow, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi gbé Supermarine Swift rẹ̀ lọ sí Líbíà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1953, tí ó sì sá 1,184 kìlómítà níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbà kí ìdíje lọ sókè, gbogbo nǹkan yí padà kíákíá. Horace Hanes, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sá 1,323 kìlómítà nínú F-100C ní oṣù Kẹjọ ọdún 1955, ní òkè níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́. Kò tíì pé ọdún kan tí Peter Twiss fi gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀: ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1956, ó gbé Fairey Delta 2 sá 1,822 kìlómítà ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́bàá ilẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀ ni ẹnì kan fi ń ju ẹnì kejì lọ. Lókè, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Twiss fi nǹkan bíi 500 kìlómítà kún un.

Ẹrù tí afẹ́fẹ́ ń gbé léni lórí

Ohun àkọ́kọ́ tó ń dá bàálù dúró nísàlẹ̀ ni bí afẹ́fẹ́ ṣe ki tó. Bí a bá gé afẹ́fẹ́ etí òkun ní mítà kan nínà, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní gíga, yóò wọn kílò 1.2. Ní mítà 11,000, ìwọ̀n yẹn kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta mọ́. Ní mítà 20,000, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti sáré nínú odò tó mù ún dé àyà ti mọ ohun tí bàálù ń bá yí lẹ́bàá ilẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tún ní ìwà mìíràn tó burú ju kíki lọ. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti bàálù padà a di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bàálù tó ń sá Mach 1.2 ní etí òkun ń gba ẹrù tó ju tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lọ lórí gbogbo mítà kan níbùú lóròó tó kọjú sí afẹ́fẹ́. Bàálù tó ń sá Mach 2 ní mítà 15,000 kò gbà ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ. Èyí tó ń yára jù gan-an ni ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ jù.

Ohun tó ń wọn eré nínú bàálù náà ń sọ ìtàn yìí fún awakọ̀. Ìtì afẹ́fẹ́ ni irinṣẹ́ yẹn ń wọ̀n, kì í ṣe ìrìn tí bàálù ń rìn lórí ilẹ̀ ayé. SR-71 ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń sá Mach 3.2 ní òkè tó ju mítà 24,000 lọ, ìtì tí afẹ́fẹ́ ń tì í kò ju ti bàálù tó ń sá nǹkan bíi 650 kìlómítà ní etí òkun lọ. Ìdí nìyí tí ìwé àwọn awakọ̀ fi máa ń ní ààlà méjì. Ọ̀kan ni Mach tí bàálù kò gbọ́dọ̀ kọjá, òun ló ń dè é lókè. Èkejì ni ìtì afẹ́fẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, òun ló ń dè é nísàlẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ bàálù ogun, ààlà kejì yìí wà láàrin 1,300 sí 1,500 kìlómítà. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń pàdé.

Ẹni tó bá rò pé ààlà yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé lásán, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 1961, kí Hardisty àti De Esch tó gba ipò tiwọn. Phantom mìíràn ti kọ́kọ́ gbìyànjú eré kan náà. Ẹ̀rọ tó ń mú imú bàálù dúró ṣinṣin kọṣẹ́, bàálù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú jó lọ sókè lọ sísàlẹ̀, ẹrù afẹ́fẹ́ sì fà á ya. Àwọn méjèèjì tó wà nínú rẹ̀ kú. Lókè, awakọ̀ lè rí àyè tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe. Nísàlẹ̀, bàálù tó ń sá 1,000 kìlómítà ń la mítà 278 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí imú rẹ̀ bá fi ìwọ̀n igun márùn-ún péré dorí kọlẹ̀ nígbà tó ga ní mítà 60, kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tí yóò fi kanlẹ̀. Ẹyẹ tún wà lójú ọ̀nà, òkè wà, wáyà iná wà, ooru ilẹ̀ ọ̀sán sì ń ru afẹ́fẹ́ sókè tí yóò máa gbọn bàálù jìgìjìgì.

Ooru ní òkè tútù

Bí kíki afẹ́fẹ́ bá jẹ́ ọ̀tá ìsàlẹ̀, ooru ni ọ̀tá òkè. Afẹ́fẹ́ tí bàálù bá kọlù, tí kò ráyè sá, a máa gbóná. Ní Mach 1.2 lẹ́bàá ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tó dúró sí imú bàálù ń gbóná tó 98°C. Lókè, níbi tí òtútù ti wọ −56.5°C, Mach 2 ń mú un dé nǹkan bíi 117°C, Mach 2.5 ń mú un dé 214°C, Mach 3 sì ń mú un kọjá 330°C. Òtútù òkè ran bàálù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè gbà á lọ́wọ́ eré tó pọ̀ jù.

Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń kan ọ̀pọ̀ bàálù, torí ó fúyẹ́. Tí ooru bá ti kọjá 120 sí 130°C tí ó sì pẹ́ lórí rẹ̀, agbára rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Concorde, bàálù akérò, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí imú rẹ̀ gbóná ju 127°C lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi ju Mach 2.04 lọ. Èyí náà ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ bàálù ogun ayé dúró sí àyíká Mach 2: Mirage 2000 wà ní 2.2, Su-35 ti Rọ́ṣíà ní 2.25, Typhoon àti Gripen ní 2. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wá irin mìíràn, irin mìíràn sì wúwo, ó wọ́n, ó sì ṣòro láti gé àti láti jó pọ̀.

Ẹnu ẹ́ńjìnnì

Ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì kò lè gbé afẹ́fẹ́ tó ń sáré ju ìró lọ mì. Kí bàálù tó ń sá Mach 2 tó lè ṣiṣẹ́, ẹnu tó fi ń gba afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ dín eré afẹ́fẹ́ náà kù sí ìsàlẹ̀ Mach 1 kí ó tó kan àwọn abẹ̀bẹ̀ inú ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá ṣe dín in kù ló ń sọ bí bàálù yóò ṣe yára tó. F-16 ní ẹnu tó dúró sójú kan, tí kò ṣeé yí. Ó fúyẹ́, kò náni lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n àyíká Mach 2 ni agbára rẹ̀ mọ. F-15 ní pákó irin nínú ẹnu rẹ̀ tó ń gbé ara rẹ̀ sókè sódò bí eré bá ṣe ń yí. MiG-21 ní ohun ṣóńṣó kan láàrin ẹnu tó ń yọ síta tó sì ń wọlé. Ti SR-71 ló díjú jù. Ṣóńṣó tirẹ̀ ń fà sẹ́yìn bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, kí ìgbì afẹ́fẹ́ lè dúró síbi tó yẹ.

Bí bàálù bá ṣe ń gun òkè, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń rí jẹ ń dín kù, agbára rẹ̀ sì ń dín kù pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìdènà afẹ́fẹ́ náà ń dín kù, òtútù sì ń mú kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ dáadáa. Láti ilẹ̀ dé mítà 11,000, òtútù ń pọ̀ sí i. Láti ibẹ̀ lọ sókè, òtútù dúró lójú kan fún ìgbà pípẹ́, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń tán lọ. Èyí ló jẹ́ kí àárín mítà 11,000 sí 15,000 jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ bàálù ogun ti ń rí eré wọn tó ga jù. Bí wọ́n bá gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì a máa ṣàìrí afẹ́fẹ́ tó tó, apá náà kò sì ní rí ohun tí yóò dì mú. Alexander Fedotov gbé MiG-25 tí wọ́n tún ṣe dé mítà 37,650 ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1977, ṣùgbọ́n eré tó ti sá bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ló jù ú débẹ̀. Kò lè dúró níbẹ̀.

Àwọn tó fi gbogbo rẹ̀ lé òkè

MiG-25 ti ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ni àpẹẹrẹ tó dára jù fún bàálù tí wọ́n kàn nítorí òkè nìkan. Irin tó ní nickel nínú ni wọ́n fi kan ọ̀pọ̀ ara rẹ̀ kí ó lè fara da ooru. Ní ọdún 1971, àwọn awakọ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì gbé e láti Íjíbítì fò kọjá lórí Sínáì, bàálù Ísírẹ́lì kankan kò sì lè bá a. Àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà bẹ̀rù rẹ̀ gidigidi títí di ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, nígbà tí Viktor Belenko sá kúrò ní Sófíẹ́ẹ̀tì tí ó sì fi MiG-25 balẹ̀ ní Hakodate ní ilẹ̀ Jàpáànù. Àwọn onímọ̀ tú bàálù náà palẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó wúwo, pé kò lè yípo dáadáa, àti pé awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá Mach 2.83 kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́. Nísàlẹ̀, ààlà rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 1,200 kìlómítà lọ. Ọba òkè di ará ìlú lẹ́bàá ilẹ̀, torí F-16 tó kéré sí i yóò gba iwájú rẹ̀ kọjá níbẹ̀. MiG-31 tó rọ́pò rẹ̀ wá láti tún èyí ṣe: 3,000 kìlómítà lókè, 1,500 nísàlẹ̀.

SR-71 tilẹ̀ tún lọ síwájú. Titanium ni wọ́n fi kan ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ara rẹ̀, Amẹ́ríkà sì gba ọ̀nà ẹ̀bùrú ra titanium náà lọ́wọ́ Sófíẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fẹ́ fi bàálù ọ̀hún ṣọ́. Irin rẹ̀ a máa nà bó bá gbóná, nítorí náà wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ láàrin àwọn pátákó ara rẹ̀, epo a sì máa jò jáde nígbà tó bá wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1976, Eldon Joersz àti George Morgan gbé e sá 3,529 kìlómítà. Kò sí bàálù ẹlẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn wà nínú rẹ̀ tó tíì gba ipò yìí lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, bàálù yìí kan náà kì í ju eré ìró lọ nígbà tó bá wà lẹ́bàá ilẹ̀. Ara tí wọ́n kàn fún òkè kò gbọ́dọ̀ gba ẹrù afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀.

Àwọn tó yan ìsàlẹ̀

Kí ló wá dé tí ẹnikẹ́ni fi fẹ́ fò lẹ́bàá ilẹ̀ rárá? Ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1960 ni ìdáhùn. Ọjọ́ yẹn ni mísáìlì Sófíẹ́ẹ̀tì já U-2, bàálù amí ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí Gary Powers ń gbé, lulẹ̀, ní òkè tí àwọn Amẹ́ríkà rò pé ọwọ́ kò lè tó. Láti ọjọ́ náà, òkè kò jẹ́ ibi ìsádi mọ́. Ilẹ̀ ayé tó rí roboto ló wá di ààbò: rédà tó wà nílẹ̀ lè rí bàálù tó wà ní mítà 10,000 láti ibi tó ju kìlómítà 400 lọ, ṣùgbọ́n bí bàálù náà bá rẹlẹ̀ sí mítà 60, kò ní rí i títí yóò fi ku nǹkan bíi kìlómítà 45. Bí bàálù náà bá ń sá 1,000 kìlómítà, ẹni tó ń ṣọ́ rédà kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́ta láti ta àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jí.

Èrò yìí ló bí F-111 ti Amẹ́ríkà, tó ní rédà tó ń wo òkè àti àfonífojì iwájú rẹ̀, tó sì ń darí bàálù láti tọ ilẹ̀ lọ ní òkùnkùn. Òun ló bí Tornado tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Ítálì jọ kàn. Apá àwọn méjèèjì ṣeé nà jáde fún ìgbéra àti ìbalẹ̀, ó sì ṣeé ká sẹ́yìn fún eré, torí apá kékeré tó ká sẹ́yìn kì í jẹ́ kí ìjì ìsàlẹ̀ gbọn bàálù jù. Ìtàn B-1 ló fi èrò yìí hàn jù. Mach 2.2 ni wọ́n fẹ́ kí èyí àkọ́kọ́, B-1A, sá lókè. Ààrẹ Carter fòpin sí i ní 1977. Nígbà tí Ààrẹ Reagan jí i dìde ní 1981 gẹ́gẹ́ bíi B-1B, wọ́n yọ ẹnu ẹ́ńjìnnì tó ṣeé yí kúrò, eré òkè rẹ̀ já wálẹ̀ sí Mach 1.25, wọ́n sì fọwọ́ sí i, torí ìsàlẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó ti ṣiṣẹ́, ní àyíká Mach 0.92.

Ogun ni olùkọ́ tó kẹ́yìn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1991, àwọn Tornado ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fò lẹ́bàá ilẹ̀ lọ kọlu pápá bàálù ilẹ̀ Ìráàkì. Wọ́n sá fún mísáìlì, wọ́n kó sọ́wọ́ ìbọn tí wọ́n ń yìn láti ilẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti pàdánù bàálù mélòó kan, wọ́n kó gbogbo iṣẹ́ náà lọ sí ipele àárín, níbi tí ìbọn ilẹ̀ kò lè dé. Láti ìgbà náà ni fífò lẹ́bàá ilẹ̀ kò ti jẹ́ àṣàyàn àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ ogun òfurufú mọ́.

Ipò kìn-ín-ní lágbàáyé fún eré ẹ̀bá ilẹ̀ kò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ ọmọ ogun kankan. Darryl Greenamyer, tí kì í ṣe sójà nígbà náà, kó ẹ̀yà bàálù F-104 jọ láti ibi púpọ̀, ó tò wọ́n pọ̀ di ọ̀kan, ó sì sá 1,590 kìlómítà ní aṣálẹ̀ Nevada ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 1977. Ó lé díẹ̀ ní 130 kìlómítà tó fi ju ti Phantom ọdún 1961 lọ. Láàrin ọdún méjìdínlógún tó tẹ̀lé ọdún 1958, eré òkè kúrò ní Mach 2 ó dé Mach 3.3. Ti ìsàlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan.

Epo, ẹrù, àti ilé àwọn aráàlú

Ohun mẹ́ta mìíràn wà tí àwọn tó ń ta bàálù kì í sábà sọ. Àkọ́kọ́ ni epo. Kí ọ̀pọ̀ bàálù ogun tó lè kọjá eré ìró, wọ́n ní láti lo afterburner: epo tí wọ́n ń fọ́n sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì kí ó lè jó lẹ́ẹ̀kejì. Epo inú F-16 jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta lé díẹ̀. Bí awakọ̀ bá ṣí afterburner tán pátápátá lẹ́bàá ilẹ̀, kò ní pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí gbogbo rẹ̀ yóò fi jó tán. F-22 jẹ́ ọ̀kan lára ìwọ̀nba díẹ̀ tó lè sá Mach 1.5 láìṣí afterburner, àǹfààní yìí sì ju Mach 2 oníṣẹ́jú díẹ̀ lọ fún ẹni tó ní ọ̀nà jíjìn láti lọ.

Èkejì ni ẹrù. Mach 2.5 tí F-15 ń sá, ti bàálù tí kò gbé nǹkan kan sábẹ́ apá ni. Bí wọ́n bá so agolo epo, bọ́ǹbù àti mísáìlì mọ́ ọn, eré náà já wálẹ̀ gan-an, nítorí gbogbo ohun tó yọ síta ló ń gba afẹ́fẹ́. F-35 kò ju Mach 1.6 lọ, ṣùgbọ́n inú ara rẹ̀ ló ń gbé ohun ìjà sí kí rédà má baà rí i. Bí ó bá ṣe ń lọ sógun ni eré rẹ̀ ṣe rí. Ìdí nìyí tí àwọn tó kàn án kò fi lé Mach 2 mọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìbúgbàù tí bàálù tó ju ìró lọ ń fà tẹ̀lé ara rẹ̀. Lókè, ìró náà a ti rẹ̀ kó tó dé ilẹ̀. Nísàlẹ̀, a máa fọ́ gíláàsì. Ní ọdún 1964, ìjọba Amẹ́ríkà fi ìbúgbàù irú èyí dán àwọn ará Oklahoma City wò fún oṣù mẹ́fà, àwọn èèyàn sì fi ẹ̀sùn ògiri sísán àti fèrèsé fífọ́ kan ìjọba. Ní oṣù Keje ọdún 2012, Mirage 2000 kan tó rẹlẹ̀ jù ní Brasília, olú ìlú Bràsíl, fọ́ ọ̀pọ̀ gíláàsì ilé ẹjọ́ tó ga jù ní orílẹ̀-èdè náà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń lé eré tó ju ìró lọ sí orí òkun tàbí sí òkè gíga.

Tiwa ní Nàìjíríà

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa pẹ̀lú. Ní àárín ọdún 1980 sí 1989, Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú Nàìjíríà ra Jaguar 18, bàálù tí wọ́n dìídì kàn fún ìsàlẹ̀: nǹkan bíi Mach 1.1 lẹ́bàá ilẹ̀, Mach 1.6 lókè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e sílẹ̀ nítorí owó ìtọ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn ni F-7 tí wọ́n rà ní ilẹ̀ Ṣáínà dé, bàálù Mach 2 tó jẹ́ ọmọ ìyá MiG-21, lẹ́yìn náà JF-17 mẹ́ta ní ọdún 2021, tí ààlà tirẹ̀ jẹ́ Mach 1.6.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021 kan náà ni Super Tucano 12 dé, ẹlẹ́ńjìnnì abẹ̀bẹ̀ tí kò ju 590 kìlómítà lọ. Bí a bá fi eré nìkan wò ó, ìran àtijọ́ ni èyí. Bí a bá fi iṣẹ́ wò ó, ogun ìlà-oòrùn àríwá wa kò ní bàálù ọ̀tá tí a ó lé ní Mach 2. Ohun tó nílò ni bàálù tó lè pẹ́ lójú ọ̀run, tó lè rí ẹni tó wà nínú igbó, tó sì lè mọ ìyàtọ̀ láàrin agbébọn àti àgbẹ̀. Bàálù tó ń sáré ju ìró lọ yóò ti kọjá kí awakọ̀ tó rí ohunkóhun.

Ìdájọ́

Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, èyí ni bó ṣe rí. Lẹ́bàá ilẹ̀, bàálù ogun tó dára máa ń sá láàrin 1,100 sí 1,500 kìlómítà, ẹni tó bá sì kọjá ibẹ̀ ń fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́. Lókè, láàrin mítà 11,000 sí 15,000, ọ̀pọ̀ wọn ń sá 1,700 sí 2,650 kìlómítà. Àwọn tó kọjá ìyẹn, bíi MiG-25, MiG-31 àti SR-71, fi ìwúwo, owó àti ìrọ̀rùn yíyípo san gbèsè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ìjà òfurufú sì ti wáyé ní eré tí kò tó ti ìró.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé bàálù kan ń sá Mach 2.5, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó yin bàálù náà: ní gíga wo, pẹ̀lú ẹrù wo, àti fún ìṣẹ́jú mélòó? Àwọn tó fẹ́ fi owó ìlú ra bàálù ogun ni ó yẹ kó kọ́kọ́ dáhùn wọn.